Ẹni Tí Mo Pè Wá Jẹun Lójú Odò Olúwà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kà á. Ẹni tó bá wà lórí ìdúró, ẹ kú ìdúró. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú èmi gan-an ló ṣe, kì í ṣe pé ẹnì kan ló sọ ọ́ fún mi. Èmi Lawrence, bàbá Máyọ̀wá, ará Odigbó, mo ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, irọ́ kí ni mo tún fẹ́ máa pa kiri? Tí mo bá bù mọ́ ọn, kí púpurú, oúnjẹ gbágùúdá wa, há mi lọ́fun.

Ọmọ mi obìnrin, Monílọ́lá, Igbókòdá ló lọ́kọ sí. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ tí ọkọ ẹ̀ fi ń pẹja fọ́. Mo ní igi ńlá kan lóko mi lẹ́yìn Omifunfun, mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ lọ́kọ̀ fún un. Wọ́n gbẹ́ ẹ, ó dáa, ó gùn. Ó wá ku bó ṣe máa débẹ̀. Máyọ̀wá ọmọ mi ní ká gbé e sẹ́yìn mọ́tò láti Orè.

Mo ní, "Ta ló ń gbé ẹja gun ọ̀kadà lọ sódò? Ọkọ̀ mọ ọ̀nà omi."

Ìyàwó mi ní, "Ọkọ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣé eegun ẹ̀yìn yín ṣì mọ̀ ọ́n?"

Mo mú àjẹ̀ mi jáde. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, èmi ni mo máa ń da gẹdú gba odò Olúwà títí dé Agbábù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fojú bu ìrìn yìí, èmi nìkan, èmi àti àjẹ̀ mi.

Àmọ́ ibì kan wà lójú odò yẹn tó ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí ẹ lè mọ ohun tó wà nílẹ̀. Èbúté Àbà Àyànlọ́wọ̀ ni. Àwọn ará Ìwó tó wá gba ilẹ̀ dáko kòkó lọ́dọ̀ wa ló ń gbébẹ̀. Oko mi àtijọ́ dojú kọ wọ́n lódìkejì odò. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Oyèlọlá, èèyàn jẹ́jẹ́, ẹ̀rín ló máa ń fi kíni.

Ọdún mọ́kànlá ṣáájú ìrìn àjò yìí ni. Òjò ti rọ̀ títí, odò ti kún. Ọjọ́ ti ń rọ̀, mo ti di ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ọkọ̀, mo ti ń wà á lọ sílé, ni mo bá gbọ́ ohùn Oyèlọlá lẹ́bàá oko mi. Ó ní, "Bàbá Máyọ̀wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi sọdá. Ìyàwó mi ń retí mi." Mo ní, "Mò ń bọ̀, dúró dè mí, jẹ́ kí n kó èyí sílẹ̀." Mo kó o sílẹ̀ lóòótọ́. Ìbàdí ń ro mí. Mo ní lọ́kàn mi pé ará àbà wọn kan á gbé e. Mi ò padà lọ.

Wọn ò rí i mọ́. Ẹ̀wù kan, bàtà kan, wọn ò rí i. Ọjọ́ márùn-ún la fi wá a, èmi náà sì wà níbẹ̀ tí mò ń ké orúkọ ẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo rí i lọ́jọ́ yẹn. Mo ní mi ò rí i.

Ẹ wá wo ohun tí irọ́ yẹn dá sílẹ̀. Àwọn kan ní odò ló gbé e. Àwọn tó pọ̀ jù ní rárá, ó ti rí obìnrin mìíràn, ó ti wọkọ̀ lọ sí Bìní. Ẹ ṣáà mọ Orè, mọ́tò ibi gbogbo ló ń gbabẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sọnù ò ní ṣòpò. Rodiyat ìyàwó ẹ̀ wá wà bẹ́ẹ̀, kò ṣe opó, kò sì lọ́kọ. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó lè tú obìnrin yẹn sílẹ̀. Mo dì í mọ́nú, mo pa oko yẹn tì, mi ò débẹ̀ mọ́.

Ó ku ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì ìrìn àjò mi. Mo ti sùn lọ́jọ́ kìíní ní àbà àwọn apẹja kan, mo jí, mo ń tukọ̀ lọ. Ìkùukùu bo ojú omi bí ẹni fi òwú bò ó. Monílọ́lá pè mí lórí fóònù.

"Bàbá, ibo lẹ dé?"

"Mo wà lórí omi."

"Mo mọ̀ pé orí omi ni. Apá ibo?"

"Apá ibi tó tutù."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má ṣe jáfara o, Bàbá, mo ti ń lọ ata." Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì lọ. Mi ò gbọ́ ohùn èèyàn mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹyẹ ò ké. Ojú oró ń léfòó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí mo bá dúró, á dúró.

Ohun tí mo rò ni pé tí mo bá dé èbúté Àbà Àyànlọ́wọ̀, mo máa tẹrí ba, mo máa fi gbogbo agbára tukọ̀ kọjá. Ebi ni kò jẹ́. Nígbà tí oòrùn ti wà lókè orí, ara mi ń gbọ̀n. Mo so ọkọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi kan. Mi ò tiẹ̀ wo ibi tí mo wà dáadáa. Mo tú púpurú àti ẹja tí ìyàwó mi dì fún mi, mo fọwọ́. Ẹnu mi bá sọ ohun tí ẹnu gbogbo wa máa ń sọ. Mo ní, "Ẹ wá bá mi jẹun o."

Kò sẹ́ni tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ wá, bí òjìji bá kọjá lára wa nídìí oúnjẹ, a máa pè é. Àmọ́ bí mo ṣe pè é tán, imú ọkọ̀ tẹ̀ wálẹ̀. Ó tẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ tí àgbà ọkùnrin bá gbẹ́sẹ̀ wọ inú ẹ̀. Ọkọ̀ mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì, ó rọlẹ̀. Mo gbójú sókè. Mi ò rí ẹnì kankan. Pákó ìjókòó iwájú ti tutù rin, bí ìgbà tí ẹni tó wọ ṣòkòtò tútù bá jókòó sí i.

Mo wá wo bèbè odò. Kùkùté ìrókò tí mo máa ń so ọkọ̀ mọ́ nígbà yẹn ló wà níwájú mi. Oko mi àtijọ́ ni.

Kí ni kí n ṣe? Èèyàn kì í pe èèyàn wá jẹun kó tún lé e. Mo bu púpurú sójú ewé, mo fi ẹja lé e, mo nawọ́ ẹ̀ síwájú láìgbójú sókè. Mo jẹ tèmi. Nígbà tí mo máa fi wò, ewé wà níbẹ̀, oúnjẹ ò sí níbẹ̀. Ẹ lè ní ẹyẹ ló gbé e. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi.

Mo tú ọkọ̀, mo fẹ́ máa lọ. Ọkọ̀ wúwo. Mo tì í síwájú, ó ń ya sápá òsì, síhà àbà wọn. Mo fàjẹ̀ dá a padà, ó tún yà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá a jà tí mo fi dé ibi tí àwọn obìnrin méjì ti ń kó ègé, ìyẹn gbágùúdá, tí wọ́n rẹ sódò.

Ọ̀kan ní, "Ẹ kú ọkọ̀ o, Bàbá."

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Ó ní, "Ẹni tó jókòó síwájú yẹn, ṣé ọwọ́ ń dùn ún ni? Bàbá arúgbó ń tukọ̀, gìrìpá ọkùnrin káwọ́ gbera."

Èkejì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bóyá àna wọn ni. Wọn kì í fi àna tukọ̀."

"Àna wo ló ń wọ aṣọ tútù lọ sílé àna?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi wò ó. Báwo ló ṣe rí?"

Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ gbé e." Ó fa ọwọ́ ẹnì kejì ẹ̀, wọ́n gòkè, wọ́n fi ègé sílẹ̀.

Mo gbé àjẹ̀ sórí itan. Mo wo iwájú ọkọ̀, mo ní, "Oyèlọlá, mo ní mò ń bọ̀. Mo ti dé báyìí. Jókòó dáadáa, jẹ́ ká sọdá."

Nígbà tí mo dojú ọkọ̀ kọ òdìkejì, kò bá mi jà mọ́. Imú ẹ̀ wà nílẹ̀ títí tó fi gbá yanrìn èbúté wọn. Ó wá gbéra sókè lẹ́ẹ̀kan náà, fúyẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fò bọ́ sílẹ̀. Yanrìn ibẹ̀ dán, mi ò rí ojú ẹsẹ̀ kankan.

Mo gòkè lọ sábà. Rodiyat wà níwájú ilé, ó ń fọ́ kòkó. Irun ẹ̀ ti funfun.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Máyọ̀wá. Ojú yín rè é. A rò pé ẹ ti bá wa jà ni."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní kí n dìde, kí ni mò ń ṣe. Mo ní mi ò ní dìde. Orí ilẹ̀ yẹn ni mo ti sọ gbogbo ẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀, mò ń bọ̀, irọ́ tí mo pa, àti ohun tí mo gbé sọdá lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ó gbé àdá sílẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n ní ó wà ní Bìní. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń ṣépè fún un. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa ṣépè fún òkú, Bàbá."

Mo ní, "Èmi ni."

"Ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹun."

"Kí lẹ fún un?"

"Púpurú."

"Kò fẹ́ràn púpurú. Ó máa ń sọ pé òórùn èéfín ni gbogbo ẹ̀."

Mo ní, "Ó jẹ ẹ́ tán."

Ó rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ló ti bọ́ sí ẹkún, àwọn ará àbà bá jáde síta. Kò ní òun dárí jì mí, mi ò sì bi í. Ó pe Saheed ọmọ ẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà ní Orè, ó ní kó lọ wá àáfà, kí wọ́n wá ṣe fìdáù fún bàbá ẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ lórí fóònù pé, "Kò lọ síbì kankan. Kò fi wá sílẹ̀."

Mo dé Igbókòdá, ọkọ̀ náà ń pẹja títí di òní. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń jẹun, mi ò lè pe ẹnikẹ́ni wá bá mi jẹ ẹ́ mọ́. Ẹnu mi á là, ọ̀rọ̀ ò ní jáde. Àwọn ará Odigbó ní mo ti di ahun. Mo ní kí wọ́n máa wí.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bí ẹ bá ti sọ fún ẹnì kan rí pé ẹ ń bọ̀, tí ẹ ò padà lọ, tàbí tí ẹ gbé ẹni tí ẹ ò rí lójú omi, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu. Máyọ̀wá á bá mi kà á, mo sì máa jókòó gbọ́ ọ tán.