Èéfín Lábíkẹ́

Bí wọ́n ṣe kọ́lé ní abà àwọn Lábíkẹ́ lẹ́yìn Ọ̀tan-Ilé, ẹni tó bá fẹ́ tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, kó yáa kọ́kọ́ jẹun kó tó gbéra. Oníkálukú kọ́ tirẹ̀ sórí òkè, láàárín kòkó bàbá rẹ̀, àfonífojì sì là wọ́n láàárín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé ibẹ̀. Èéfín ni wọ́n fi ń kí ara wọn láàárọ̀: bó bá ti yọ lórí òrùlé ẹnìkan, onítọ̀hún ti jí nìyẹn, kálukú á kọrí sóko.

Lábíkẹ́ fẹ́ràn òkè tirẹ̀ dé góńgó. Ibẹ̀ ló bímọ sí, ibẹ̀ ló sin ọkọ sí. Àmọ́ Ṣíjúadé ọmọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, ti gbé mọ́tò wá láti kó o lọ sí ilé rẹ̀ ní àdúgbò Ìgbọ̀nà níbẹ̀.

"Màámi, ẹ dá wà jù. Bí nǹkan bá ṣe yín níbí, ta ni yóò mọ̀?"

Inú Lábíkẹ́ bàjẹ́. Ọmọ tó ń bọ́ni, ta ló fẹ́ sọ fún un pé kò gbọ́n?

Ṣíjúadé tiẹ̀ ti ra sítóòfù gáàsì wá. Ó ní kí màmá máa kọ́ ọ, torí wọn kì í dáná igi ní ilé òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orí gáàsì ni wọ́n ti se ẹ̀kọ. Wọn ò tíì mu ún dé ìdajì nígbà tí igbe sọ lóde.

"Yéè! Lábíkẹ́ o!"

Ògúndìran ni, bàbá orí òkè iwájú, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Phebe ìyàwó rẹ̀ ń sunkún bọ̀ lẹ́yìn.

Lábíkẹ́ yọjú tòun ti ife. "Kí ló dé? Ṣé òórùn ẹ̀kọ ló gbé yín dìde ni?"

"Òkú wo ló ń mu ẹ̀kọ?" Ògúndìran ń mí hẹlẹhẹlẹ. "A ò rí èéfín ẹ!"

Phebe pòṣé. "Ta ni yóò dá omijé mi padà báyìí?"

Lábíkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fi dà sí i láṣọ. Ó wá yíjú sọ́mọ rẹ̀. "Ṣíjúadé, o bi mí léèrè lánàá."

Ṣíjúadé ń wo ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ bàbá náà, ìtìjú mú un. Ní Ìgbọ̀nà, ẹni tí wọ́n jọ ń lo ògiri kan ti kó lọ tipẹ́ kó tó mọ̀.

Nígbà tílẹ̀ tún mọ́, gáàsì ti wà nínú bùùtù mọ́tò. Ṣíjúadé ló kúnlẹ̀ nídìí ààrò, tó ń fẹ́ná, tójú rẹ̀ ń ṣomi. Ni ohùn kan bá ta láti òkè iwájú:

"Ṣíjúadé! Èéfín yẹn ò mà tó o! Ṣé ìdajì ìyá ẹ ló jí ni?"