Púlọ́ọ̀gì Kẹta

Káfíńtà kan wa ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ mẹkáníìkì. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Ọkọ̀ náà ń húkọ́, ó sì ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú.

"Epo burúkú ni wọ́n tà fún mi," ni káfíńtà wí kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sún mọ́ ọkọ̀ náà. Ó ní kó má pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì mú ẹ̀mú onírọ́bà. Ó fa wáyà púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ yọ: ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó dá a padà, ó yọ ìkejì: bákan náà ni. Nígbà tó yọ ìkẹta, ohùn ẹ́ńjìnnì ò yí padà rárá.

"Ṣé ẹ rí i, ìyẹn ò níṣòro," ni káfíńtà wí.

"Àbúrò mi, òun gan-an ló bàjẹ́. Tí òṣìṣẹ́ ò bá wá síbi iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ pé kò wá, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni?"

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, bí ilé wa ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn nígbà tí àbúrò yín rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ méjì!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀mú fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì náà, ẹ́ńjìnnì sì ń dún geere.

Bí wọ́n ṣe délé, káfíńtà wọlé lọ. Ó dúró sáàárín pálọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìyàwó mi," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ibo gan-an la ń tọ́jú ìgbálẹ̀ sí nínú ilé yìí?"