Iṣẹ́ Tí Reuben Ń Ṣe Lórí Yìnyín

Reuben, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni ẹni àkọ́kọ́ ní ìdílé wa ní Oǹdó tó fi eré jẹun. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ o. Ó ṣì kéré nígbà tí bàbá rẹ̀, àlùfáà Áńgílíkà, kó wọn lọ sí Kánádà, níbi tí èmi náà wá darúgbó sí yìí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà onírin sáré lórí yìnyín, tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé nǹkan pẹlẹbẹ dúdú kan wọnú àwọ̀n. Ẹgbẹ́ eléré kan gbà á síṣẹ́ ní ìlú kékeré kan. Òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn. Àwọn òǹwòran a máa ké bí ọ̀bọ sí i. Eyín iwájú rẹ̀ ti kán. Kò fi eré náà sílẹ̀.

Nígbà tó wá sin bàbá rẹ̀ nílé ló pàdé Àtinúkẹ́, ọmọ Àlàájì Ràímì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Ìgbà kejì tó wá, ìyàwó ló wá fẹ́.

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Bàbá Adélaní, àgbà ilé wa, ni agbẹnusọ, òun ló dúró bíi bàbá fún Reuben. Ọkọ ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ ni tirẹ̀. Àlàájì béèrè iṣẹ́ ọmọ wa. Ojú ti Bàbá Adélaní láti pe eré níṣẹ́, ló bá ní ẹnjiníà yìnyín ni.

Inú Àlàájì dùn. Ó ní Ọlọ́run ló rán àna òun wá, pé kóòdùrúùmù òun ti kú, ẹja ti ń bàjẹ́. Ìyáálé ilé ṣẹ̀fẹ̀ pé bó bá tún un ṣe, àwọn ò ní gbaṣu lọ́wọ́ wa mọ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àtinúkẹ́, tó mọ òótọ́, ń mirí sí Reuben láti ẹnu ọ̀nà pé kó dákẹ́.

Reuben gbórí sókè lórí ẹní.

“Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Eré ni mò ń ṣe. Eré náà niṣẹ́ mi.”

Àlàájì ò tiẹ̀ wò ó. Bàbá Adélaní ló kọjú sí.

“Bàbá Oǹdó, ọmọ tó pe bàbá rẹ̀ ní òpùrọ́ lójú àna, kí ni yóò pe èmi?”

Bàbá Adélaní dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Wọ́n ní ká gbé iṣu wa dání.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ni Àtinúkẹ́ ti bá wa. Reuben ń ṣàlàyé pé òun ò lè fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ ilé. Àtinúkẹ́ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Ọ̀la ńkọ́, Reuben? Ṣé o ò lè sọ ọ́ lọ́la, ká jọ bẹ̀ wọ́n? Iṣẹ́ ẹ lo wá fẹ́. Máa gbé e lọ.”

Reuben padà sí Kánádà, ó ṣe eré náà títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀. Kò fẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà òtútù tó kọjá la sin ín. Àwọn tí wọ́n jọ ṣe eré náà wá, arúgbó kùjọ́kùjọ́, wọ́n ń ròyìn bó ṣe yára tó lórí yìnyín. Kò sí aya, kò sí ọmọ tí wọn ì bá sọ ọ́ fún. Èmi ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.