Ẹ Má Tíì Gbé E

Télọ̀ fa ìtì igi náà yọ lábẹ́ ọ̀pá, ó yí i lọ sí ẹ̀gbẹ́ orí ọkùnrin tó wà nílẹ̀, ó sì jókòó lé e. Ariwo dá. Ọkùnrin mẹ́fà ló di ọ̀pá gbọọrọ náà mú, òun ni wọ́n fẹ́ fi gbé katakata tó dojú dé sókè, àmọ́ ọ̀pá tí kò rí ohun fara tì kò lè gbé adìẹ, ká má tíì sọ irin. Káfíńtà ló gbé ìtì igi náà wá láti ilé rẹ̀. Òun náà sì ni ẹ̀gbọ́n ẹni tí katakata wó lù. Ó mú òòlù lọ́wọ́, ó wo obìnrin tó jókòó sórí igi rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Dìde lórí igi mi."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má tíì gbé e. Tí ẹ bá gbé e báyìí, ó máa kú."

Àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ katakata ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Láti aago méje àárọ̀ ni irin náà ti tẹ̀ ẹ́ nítan méjèèjì mọ́lẹ̀, aago kan ọ̀sán sì ti lù, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Ó ní òun ti gbọ́ nípa àwọn tó ń gba ẹ̀mí là, òun ò tíì gbọ́ nípa èyí tó ń jókòó lé e. Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Télọ̀ kì í ṣe dókítà, kò sì fìgbà kan pera rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ló fi ránṣọ kó tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, tó lọ kọ́ iṣẹ́ áńbúláǹsì. Ó ti di oṣù mẹ́jọ báyìí tó ti ń tẹ̀lé ọkọ̀ funfun kan ṣoṣo tí ilé ìwòsàn ní fún gbogbo abúlé tó wà láàárín oko. Òní ni ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ korò débi pé Jogbo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, òun ló sì sọ obìnrin náà ní Télọ̀, kì í ṣe pé ó fi yọ̀ mọ́ ọn. Tí Télọ̀ bá di ọgbẹ́ tán, Jogbo á tú u, á ní ara èèyàn kì í ṣe ṣòkòtò. Tó bá béèrè ọ̀rọ̀, á ní kó lọ bi ẹ̀rọ ìránṣọ. Láàárọ̀ yìí, kí wọ́n tó wọkọ̀, ó ti sọ ọ́ fún un láìfi bò: òun ò ní la ẹnu lónìí. Tó bá ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ, òun á fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Tí èèyàn bá ti ọwọ́ àṣìṣe rẹ̀ kú, kó gba ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ, kó lọ gba ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Wákàtí méjì ni wọ́n fi rin ọ̀nà erùpẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, àwọn ará abúlé ti wá ọ̀pá, wọ́n ti wá ìtì igi, wọ́n ti kó ara wọn jọ, wọ́n sì ti ń ka ení, èjì. Bí Télọ̀ ṣe bọ́ sílẹ̀ nìyẹn tó sáré lọ fa igi yọ.

Ohun tó mọ̀ nípa irú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹ̀kọ́ wákàtí kan lọ. Ẹran ara tí ohun tó wúwo bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, májèlé á sì kóra jọ sínú rẹ̀. Irin tó ń pa á lára ni kò jẹ́ kí májèlé náà rìn. Ẹni tó bá gbé irin kúrò lójijì ló ṣílẹ̀kùn fún un, ọkàn ló sì ń lọ tààrà. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa omi sí i lára, ká fi ọ̀já fún itan rẹ̀ pinpin lókè ibi tí irin wà, ká tó wá gbé e díẹ̀díẹ̀.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ irú àlàyé yẹn, nígbà tí èèyàn rẹ̀ wà nílẹ̀ tó ń wò ó lójú? Ìyàwó àgbẹ̀, obìnrin gíga kan tí ẹrẹ̀ ti dé orúnkún rẹ̀, bi í léèrè pé bí èèyàn bá jìn sí kànga ní ìlú tiwọn, ṣé oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé fún un kí wọ́n tó fà á jáde. Télọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, ó so apá àgbẹ̀ náà, ó sì wá iṣan.

Iṣan ò jáde. Ó gún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ò wá. Òṣé ta lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da omi sórí iná. Ó gún un lẹ́ẹ̀kejì lápá kejì, abẹ́rẹ́ wọlé, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó bẹ àwọn tó dúró pé kí ẹnìkan bá òun gbé àpò omi náà sókè. Kò sẹ́ni tó mira. Bàbá Awakọ̀, arúgbó tó ń wa áńbúláǹsì, ló wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó nà án sókè.

Ìgbà yẹn ni káfíńtà kọjú sí Jogbo. Jogbo fara ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ká apá mọ́yà, ó ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí," ni káfíńtà wí. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀."

"Òun ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀," ni Jogbo fèsì, kò sì gbójú sókè.

Gbogbo ara Télọ̀ ló gbóná. Gbólóhùn kan péré láti ẹnu ọkùnrin yẹn, tó ní irun funfun lórí àti àmì ilé ìwòsàn láyà, ì bá ti mú kí gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Kò sọ ọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n jẹ Télọ̀ ní tútù ni. Télọ̀ kórìíra rẹ̀ ní wákàtí yẹn, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ pé nǹkan mìíràn ni.

Àpò àkọ́kọ́ gba ogún ìṣẹ́jú. Ó so ìkejì mọ́ ọn. Ṣé méjì ni ẹ̀kọ́ yẹn sọ, àbí mẹ́ta? Ó wá a lọ́kàn títí, kò rí i. Ó gbójú sókè wo Jogbo, ojú wọn ṣe mẹ́rin, Jogbo sì gbé ojú tirẹ̀ kúrò. Méjì ló wà nínú ọkọ̀. Méjì náà ni kó jẹ́.

Kò sí ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu àgbẹ̀ náà mọ́. Ó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ó bẹ Télọ̀ ní orúkọ ìyá tó bí i, ó ní kó wo ti àwọn ọmọ òun, pé òun ò béèrè ju kí wọ́n yọ òun lọ, bí òun bá máa kú kí òun kú níta. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ó yí i padà sí èpè. Ó ní ẹsẹ̀ tí Télọ̀ fi wá kò ní gbé e délé. Télọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lù, omijé sì ń dà lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó rí àyè nù ún. Ẹnìkan ju ògúlùtu, ó bà á léjìká. Káfíńtà gbé òòlù sókè, ó là á mọ́ ìtì igi náà, kò ju ìka mẹ́rin lọ sí itan Télọ̀.

"Èkejì rẹ̀ kò ní bọ́ sórí igi," ni ó wí.

Télọ̀ ò dìde. Kì í ṣe pé ó láyà. Ó kàn ń wo àpò omi náà. Ó kù ìdajì. Ó kù ìdá mẹ́rin. Nígbà tó kù díẹ̀ kó gbẹ, ó fa ọ̀já méjì jáde, ó fi fún itan ọkùnrin náà tọ̀tún tòsì títí àgbẹ̀ fi ké. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó sì fúnra rẹ̀ yí ìtì igi náà padà sábẹ́ ọ̀pá.

"Ó yá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé e. Ìwọ̀n ìka kan, kẹ́ ẹ dúró."

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n," ni Bàbá Awakọ̀ rọra sọ sábẹ́ ahọ́n, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé e níwọ̀n ìka kan, wọ́n dúró. Wọ́n tún gbé e. Télọ̀ fi ìka méjì sọ́rùn àgbẹ̀ náà, ó ń tẹ́tí sí i pẹ̀lú ọwọ́. Nígbà tí wọ́n fà á jáde tán, ojú ọkùnrin náà yí padà, ara rẹ̀ funfun bí eérú. Iṣan ọrùn rẹ̀ lù, ó fo ọ̀kan, ó lù, ó fo méjì. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkankan lábẹ́ ìka rẹ̀ rárá. Ìyàwó figbe ta pé ó ti pa á. Káfíńtà gbá Télọ̀ lọ́rùn aṣọ mú, ó ń fà á dìde, àmọ́ Télọ̀ kò yọ ìka rẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀, orúnkún kan lórí erùpẹ̀, ọrùn aṣọ rẹ̀ ti ń ya, nígbà tí iṣan náà tún lù. Ó lù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá ń lù lọ.

Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀, Télọ̀ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bò ó, wọ́n sì gbéra lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́ nígbà tí dókítà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní àgbẹ̀ náà á yè, wọ́n á sì gba ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ là, ṣùgbọ́n wọn ò ní lè ṣe é kí wọ́n má gé tòsì. Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé ohun tó fà á, wọ́n sì pè é lọ síbòmíràn kó tó sọ̀rọ̀ débi tó ṣe kókó. Káfíńtà ti gbọ́ èyí tó fẹ́ gbọ́. Ó ní ká ní wọ́n jẹ́ kí àwọn gbé e nígbà tí àwọn fẹ́ gbé e, ẹsẹ̀ méjì ni àbúrò òun ì bá fi rìn wálé. Ó ní òun á gbé ọ̀rọ̀ yìí káàkiri gbogbo oko, kí ẹnikẹ́ni má pe ọkọ̀ funfun yẹn mọ́. Ìyàwó àgbẹ̀ mú jákẹ́ẹ̀tì tí Télọ̀ fi bo ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sọ ọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì yí ẹ̀yìn padà.

Jogbo ń fọ ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn ilé ìwòsàn nígbà tí Télọ̀ bá a. Ìwé rẹ̀ wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, Jogbo sì ti fọwọ́ sí i. Inú Télọ̀ ò dùn bó ṣe rò pé yóò dùn.

"Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀? Wọn ì bá gbọ́ tiyín."

Jogbo fún àkísà ọwọ́ rẹ̀ sínú garawa. Nígbà tó dáhùn, ilẹ̀ ọkọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ògiri wó lu olùkọ́ kan, ó sì wà lábẹ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Òun mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń pariwo, òun náà sì fẹ́ kí ariwo yẹn dáwọ́ dúró. Òun ní kí wọ́n gbé e. Wọ́n gbé òun sọ́rùn, wọ́n ń jó. Olùkọ́ náà mu omi, ó dúpẹ́, ó di òun lọ́wọ́ mú. Kí òun tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ tán, ó ti kú.

"Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé," ni Jogbo wí. "Tó bá rí mi lójú ọ̀nà, á kúnlẹ̀. Á dúpẹ́ pé mo sáré gbé ọmọ òun. Á ṣàdúrà fún mi."

"Ẹ ò sì tíì sọ fún un?"

"O jókòó lórí igi yẹn, Télọ̀. Èmi ò mọ̀ bóyá mo lè jókòó síbẹ̀ lónìí. Ìdí tí n ò fi sọ̀rọ̀ nìyẹn." Ó gbé garawa. "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Lọ fọ ọwọ́ rẹ."

Ọ̀nà ibi tí omi wà gba ẹnu ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọkùnrin kọjá. Télọ̀ fẹ́ yára kọjá, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ náà wà lórí ibùsùn tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ti sọ fún un nípa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí i. Ó gbéra lórí ìgúnpá méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó bú u láti orí tó gbé e wá sáyé dé ilé tó ti jáde, ó bú ọwọ́ rẹ̀, ó bú ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó ní ọjọ́ tí òun bá mọ ibi tó ń gbé, òun á fi ẹsẹ̀ kan tó kù wá a débẹ̀. Àwọn aláìsàn yòókù yíjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì sáré wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ, ẹ̀yin lẹ̀ ń dá a lágara."

Télọ̀ ní òun ń lọ. Kò tíì lọ. Ó dúró pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo àyà ọkùnrin náà bó ṣe ń kún tó sì ń sọ̀, ó sì ń tẹ́tí sí i bó ṣe tẹ́tí sí iṣan ọrùn rẹ̀ lóko. Ohùn náà ki, ó sì le. Èébú náà gùn gan-an, kò sì sí ibi tí èémí rẹ̀ ti já.