Tíṣà Ẹ̀ṣẹ́ Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣubú

Tíṣà Ẹ̀ṣẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé kàrátè ló ń kọ́ àwọn èèyàn nínú gbọ̀ngàn kan tó wà lókè ilé búrẹ́dì. Àwọn aláròká a máa fa ohùn wálẹ̀ níparí orúkọ náà, wọ́n á ní Tíṣà Ẹ̀ṣẹ̀, bí ẹni pé olè jíjà ló ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kò dá wọn lóhùn rí. Láti ọjọ́ tó ti so ìgbànú dúdú àwọn ọ̀gá kàrátè mọ́dìí, ẹ̀yìn ẹ̀ kò tíì kanlẹ̀. Kí ló kàn án pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu?

Àmọ́ ìgbànú kì í ṣe oúnjẹ. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ń dín kù, òórùn búrẹ́dì tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé sì ń fìyà jẹ ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù. Bó bá ní kí wọ́n mí sínú, ebi ni wọ́n ń mí sínú.

Ìyàwó ẹ̀, tó ń ṣe irun fún àwọn obìnrin, ló bá a rí iṣẹ́. Òṣèrébìnrin kan tó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sọ pé wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ́ olórí òṣèré àwọn bí wọ́n ṣe ń jà nínú fíìmù.

"Ẹ lọ," ni ìyàwó wí. "Ṣebí ìjà náà lẹ mọ̀, ẹ ò mọ nǹkan mìíràn."

Arẹwà ni wọ́n ń pe olórí òṣèré náà. Àyà ẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n bó bá tàpá, bí ẹni tó fẹ́ gbọn omi kúrò nínú bàtà ló ń rí. Tíṣà ń fi sùúrù kọ́ ọ títí di ọjọ́ tí ẹni tí wọ́n fẹ́ kí Arẹwà lù kò yọjú síbi iṣẹ́. Olùdarí fíìmù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú ẹ̀ bọ́ sára Tíṣà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúró síbẹ̀. Tó bá ti gbá yín, kẹ́ ẹ ṣubú."

"Ìyẹn ò le," ni Tíṣà wí.

Arẹwà ju ẹ̀ṣẹ́. Kí Tíṣà tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ ẹ̀ ti pàdé ẹ̀ṣẹ́ náà lọ́nà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti gbá ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni, Arẹwà sì ti nà gbalaja, ó ń wo àjà.

"Ẹ má bínú. Ọwọ́ ló ṣe é, kì í ṣe èmi."

Wọ́n tún un ṣe. Arẹwà tún wo àjà. Nígbà tó wò ó tó sú u, ó dìde, ó lọ jókòó sínú mọ́tò ẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Olùdarí fa Tíṣà sí kọ̀rọ̀. "Mo mọ̀ pé gbogbo ayé yín lẹ fi kọ́ bí ẹ ò ṣe ní ṣubú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa jáde nílé wá wo akọni tó ń sùn sílẹ̀. Ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, kẹ́ ẹ padà wá lọ́la."

Nígbà tó ròyìn ẹ̀ délé, ìyàwó ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó wọ́ fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ó ní kó dìde dúró. Ó tì í, Tíṣà di òpó ilẹ̀kùn mú. Ó tún tì í, Tíṣà di ìyàwó fúnra ẹ̀ mú.

"Ẹ dẹ orúnkún. Ẹ ṣe bí ìgbà tí mo bá béèrè owó ọbẹ̀. Ṣé ẹ kì í dákú nígbà yẹn?"

Tíṣà fẹ́ dáhùn, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu, ibẹ̀ ni ìyàwó ti tì í lulẹ̀ gbì. Ó sùn síbẹ̀, ó ń wo àjà ilé ara ẹ̀. Nǹkan kan tó ti le koránkorán láyà ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ tú sílẹ̀. Ó ní kó tún ti òun.

Láti ìgbà yẹn ló ti di ọ̀gá nínú ká ṣubú. Ó já bọ́ lórí ògiri, ó gba ojú fèrèsé jáde. Nígbà tí òṣèrébìnrin yẹn sọ pé òun ò tíì bí ọmọ tòun tán tóun fi máa lọ yí gbirigbiri lórí àtẹ̀gùn, kò sẹ́ni tí ìdúró ẹ̀ jọ tiẹ̀ àfi Tíṣà. Ìyàwó ẹ̀ dé wíìgì sí i lórí, wọ́n wọ kaba pupa fún un, ó yí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ tí fíìmù náà jáde, ó mú ìyá ẹ̀ lọ wò ó. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ àti àwọn òbí wọn náà wá. Ìyá ṣì rò pé tíṣà lọmọ òun ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí obìnrin oníkaba pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí àtẹ̀gùn, ìyá dìde láàárín òkùnkùn.

"Ẹ̀yin èèyàn, ọmọ mi ọkùnrin nìyẹn. Mo mọ orúnkún yẹn."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé nígbà tí bàbá arúgbó kan kú nínú fíìmù náà, kò rí ẹni tó máa sunkún ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá ọmọ kan gun òkè wá sí gbọ̀ngàn. "Tíṣà, mo rí bí Arẹwà ṣe lù yín bí aṣọ òfì. Ọ̀dọ̀ tiẹ̀ ni mo fẹ́ mú ọmọ mi lọ."

"Ẹ bá mi kí i," ni Tíṣà wí.

Àwọn yòókù ò tiẹ̀ wá dágbére. Kò pẹ́, oníbúrẹ́dì gba gbọ̀ngàn náà, ó ń kó àpò ìyẹ̀fun sí i. Lọ́jọ́ tí Tíṣà kẹ́rù jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó dùn ún. Irọ́ ni yóò jẹ́ téèyàn bá ní kò dùn ún.

Nígbà tí ìyá ẹ̀ gbọ́, ó gbé òróró wá, ó ní kó dojú bolẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹ̀yìn ẹ̀.

"Màmá, ṣé ojú ò tì yín pé wọ́n ń lù mí fún gbogbo ayé wò?"

"Ojú kẹ̀? Bàbá ẹ, bó bá ti mutí yó, kò sí gọ́tà tí kì í já sí, ọ̀fẹ́ ló sì ń já. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé yìí tí wọ́n máa sanwó fún láti ṣubú."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ìhà ẹ̀ fi ń dùn ún. Ìyá gbá a nídìí pé kó dúró jẹ́ẹ́, òróró ń dà sí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọkọ̀ àwọn onífíìmù fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní orí òrùlé ló ti máa já bọ́ lọ́jọ́ náà. Ó rọra rìn jáde bí arúgbó, ó ń di ìbàdí mú, ó ń bi awakọ̀ léèrè bí òrùlé náà ṣe ga tó.