Bọ́ọ̀lù Abẹ́ Ẹ̀ka

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìjà ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé, ẹ̀ bá wá wo bàbá mi àti Bàbá Jẹ́jẹ́ ní pálọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àga kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, èmi ni mo sì jókòó sí i, pẹ̀lú ìwé lórí itan mi. Àwọn méjèèjì ti fi gọ́ọ̀fù jẹun rí. Odidi ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń já ife-ẹ̀yẹ gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó máa dárúkọ ọ̀kan tí kò ní dárúkọ èkejì. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọn kò jọ mu omi lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ìwé ló kó wọn jọ. Òǹkọ̀wé kan ń kọ ìtàn àwọn tó fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ jẹ, àti àwọn akọni méjì-méjì tó figa gbága nínú rẹ̀. Ó ti dé orí tó kan àwọn méjèèjì, ó sì fi orí náà ránṣẹ́ pé kí wọ́n jọ gbọ́ ọ, kí wọ́n sọ èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé ìtẹ̀wé yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la. Tó bá di aago mẹ́rin, òun á pè. Ohun tí a bá sọ fún un ló máa tẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, bẹ́ẹ̀ ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tán kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ aráyé.

Ojú bàbá mi kò gbé ìwé kíkà mọ́. Bàbá Jẹ́jẹ́ ríran dáadáa ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó kí ọ̀tá òun máa ka ìtàn òun fún òun? Ló bá di iṣẹ́ èmi ọmọ. Apòògùn ni mí, nítorí náà mo kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bàbá mi. Ó ga díẹ̀. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ bí i nínú.

"Ṣé o fẹ́ kàwé ni, àbí o fẹ́ gbé mi lọ ọsibítù?" ó ní, ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àwọn ará àtijọ́, nígbà tí ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun kì í gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ilé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá, tó jẹ́ pé òun náà ló ń tún igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ṣe fún wọn. Ó sọ bí èrò ṣe máa ń tò lé akọni méjì lẹ́yìn, tí wọ́n á máa pariwo débi pé ọmọlúàbí kò ní lè gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rò. Bàbá Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín síyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́ ni pé kó tó gbá bọ́ọ̀lù kan, ìwọ yóò ti jẹun, wàá ti fọ abọ́. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Lọ síbi tiwa," ó ní.

Mo mọ ibi tiwọn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú ilé wa? Ìdíje tó tóbi jù lọ ni, ihò ìkẹyìn, àwọn méjèèjì sì dọ́gba. Bọ́ọ̀lù bàbá mi fò wọ abẹ́ igi. Nínú gọ́ọ̀fù, ọ̀tá rẹ gan-an ló máa bá ọ wá bọ́ọ̀lù rẹ tó bá sọnù, àwọn méjèèjì sì jọ wá a títí wọ́n fi rí i lórí ewé gbígbẹ, lábẹ́ ẹ̀ka ńlá kan tó já bọ́ síbẹ̀. Bàbá mi ń múra láti gbá a, ló bá gbé ọwọ́ sókè, ó pe adájọ́. Ó ní bọ́ọ̀lù òun ti mì, òun ló mì í, kí wọ́n fi gbígbá kan kún tòun, bẹ́ẹ̀ ẹni tí gbígbá rẹ̀ bá kéré jù ló ń gba ife. Adájọ́ ò rí i, èrò ò rí i. Gbígbá kan yẹn ni Jẹ́jẹ́ fi gba ife. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe bàbá mi ní Olóòótọ́.

Ìtàn yẹn ni wọ́n fi tọ́ wa. Tí abọ́ bá fọ́, tí ẹran bá dín nínú ìkòkò, màmá mi á ní, "Ta ló máa gbé ọwọ́ sókè bíi bàbá rẹ̀?" Èmi náà gbé tèmi sókè nígbà tí mo dàgbà. Mo ṣèèṣì fún aláìsàn kan ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ní ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò ṣe é ní nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀. Mo tọ ọ̀gá lọ, mo ní èmi ni. Wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá mi dì mọ́ mi lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ọmọ mi ni ọ́ lóòótọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi nu omijé mi. Kẹ́míìsì kótópó kan ni mo wà báyìí, mo ń ta oògùn ẹ̀fọ́rí.

Mo ń kà á lọ: "Ó gbé ọwọ́ sókè, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó rí i bí kò ṣe Ọlọ́run..."

"Dúró," Bàbá Jẹ́jẹ́ ní.

Mo dúró. Ó ń fi àtàńpàkò ra etí fìlà rẹ̀. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún..." ó bẹ̀rẹ̀.

"Má pòwe fún mi," bàbá mi ní.

"Ó dáa. Èmi náà rí i. Èmi ni mo tẹ ìdí ẹ̀ka yẹn mọ́lẹ̀. Èmi ni mo mi bọ́ọ̀lù rẹ, kì í ṣe ìwọ."

Òfin gọ́ọ̀fù ò lọ́jú pọ̀ níbẹ̀: bí ẹlòmíràn bá mi bọ́ọ̀lù rẹ, wàá kàn dá a padà sí àyè rẹ̀ ni, wọn ò ní fi nǹkan kan kún tìrẹ. Àwọn méjèèjì ì bá dọ́gba, wọn ì bá tún un gbá. Mo wo iṣan tó ń lù lọ́rùn bàbá mi, mo na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìfúnpá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ máa lọ ilé yín," mo sọ fún Bàbá Jẹ́jẹ́. Mo fi "ẹ jọ̀ọ́" sí i nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ ni, kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan nínú rẹ̀.

"Jẹ́ kó jókòó," bàbá mi ní. Kò pariwo. Ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Mo rí bàtà ẹ."

"O rí kí ni?"

"Bàtà ẹ, lórí ẹ̀ka. Mo rí i, mo sì mọ̀ pé ìwọ náà mọ̀. Mo dúró bóyá wàá sọ̀rọ̀. O ò sọ nǹkan kan. Mo wá ní ó dáa, màá gbé ọwọ́ sókè, màá ní èmi ni, kójú lè tì ẹ́, kó o jẹ́wọ́. O dákẹ́ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu."

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀," Bàbá Jẹ́jẹ́ ní. "Àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ."

"Wọ́n ń pàtẹ́wọ́," bàbá mi ní. "Ó sì dùn mọ́ mi."

"Ife yẹn ò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà náà! O mọ̀, o sì ń wò mí níran?"

"Mo ń wò ẹ́ níran."

Inú bí mi. Kì í ṣe sí Jẹ́jẹ́ mọ́. Mo pa ìwé náà dé. "Bàbá, lọ́jọ́ tí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, tí ẹ dì mọ́ mi, ẹ mọ̀ pé irọ́ lẹ pa fún adájọ́?"

"Mo mọ̀," ó ní. "Ojú ò tì mí rí tó bó ṣe tì mí lọ́jọ́ yẹn."

Fóònù dún. Aago mẹ́rin ti lù. Ni àwọn àgbàlagbà méjì bá tún bẹ̀rẹ̀ ìdíje.

"Sọ fún un pé èmi ni mo tẹ ẹ̀ka," Bàbá Jẹ́jẹ́ ní. "Má wulẹ̀ sọ pé bàbá ẹ mọ̀."

"Ta ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀?" bàbá mi ní. "Mi ò fẹ́ àánú ẹ." Fóònù ṣì ń dún. Ó yíjú sí mi. "Má dá wa lóhùn. Ìwọ lo ṣe ohun tí wọ́n kọ pé mo ṣe. Ohun tó o bá sọ ni kí wọ́n tẹ̀."

Mo gbé fóònù.

"Ẹ káàsán mà," òǹkọ̀wé ní. "Ṣé gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àbí àtúnṣe wà?"

Mo wo bàbá mi. Ó ti di apá àga mú. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ohun tó yẹ kí àgbà sọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Ó ń retí kí n sọ pé kò sí àtúnṣe, kí òun lè kú ní Olóòótọ́. Mo fẹ́ràn bàbá mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun.

"Àtúnṣe wà," mo ní. "Ẹ mú bíírò."

Mo sọ ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, bọ́ọ̀lù, ẹ̀ka, bàtà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn méjèèjì, àti ìdí tí ọwọ́ fi lọ sókè. Bàbá Jẹ́jẹ́ fi fìlà bojú. Bàbá mi kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, àfi ìgbà kan ṣoṣo, nígbà tí mo ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Jẹ́jẹ́ fi tẹ ẹ̀ka náà.

"Ẹsẹ̀ òsì ni," ó ní, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Má parọ́ mọ́ ọn."