Ẹ Jókòó Bí Wọ́n Bá Ti Kà Yín

Lọ́yà Àdíját fúnra rẹ̀ ló bèèrè fún òfin náà, kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ọdún 2011 ni, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ yan ẹni tí yóò dupò alága ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n sì ní kí kálukú tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú ní pápá ilé-ìwé kan ní Baruwa. Obìnrin kankan ò tíì dán an wò rí ládùúgbò yẹn. Àmọ́ ọmọ bíríkìlà ará Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, ìgbà tó kọ́kọ́ gbé pátákó lọ́yà síta, àwọn tó gbé ẹjọ́ wá ń bi í pé lọ́yà gan-an dà, kó bá àwọn pè é. Ó ti mọ́ ọn lára.

Alàgbà Akínbọ́lá tí wọ́n jọ ń du tíkẹ́ẹ̀tì ti ṣe alága rí, ojú rẹ̀ sì ti là sí gbogbo mágòmágó. Bí wọ́n bá ti ń ka èèyàn rẹ̀, àwọn tí wọ́n ti kà níwájú á yọ́ gba ẹ̀yìn lọ, wọ́n á tún tò. Ogójì èèyàn á di ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí Àdíját fi kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá kà gbọ́dọ̀ jókòó sílẹ̀ níbi tó wà, ẹni tí kò bá sì jókòó, kí wọ́n má kà á. Ẹgbẹ́ gbà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jó yí tábìlì ọ́fíìsì ká.

Ó gbàgbé òjò. Òjò rọ̀ mọ́jú, pápá di ẹrẹ̀ pupa. Wọ́n tún ṣàdédé fa ìdìbò tó yẹ kó wáyé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wá sí aago mẹ́wàá àárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn Àdíját jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà tí Lọ́yà ti bá gba ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn padà nílé ẹjọ́. Ibi ìsìn ni wọ́n ti sáré wá tààrà, tàwọn ti sùtánà funfun tí wọn kì í jẹ́ kí eruku kàn.

Jàfárù, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó wá kà wọ́n, ní kí àwọn olùdíje méjèèjì kọjú sí ògiri kí wọ́n má baà máa ṣẹ́jú sí èèyàn. Ó ka ti Akínbọ́lá. Wọ́n ń kùn, wọ́n ń jókòó, kò sẹ́ni tó ráyè yọ́ lọ sẹ́yìn. Mọ́kàndínláàádọ́rin péré.

Ó kan ti Lọ́yà. Jàfárù ní kí ẹni àkọ́kọ́ jókòó. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi aṣọ funfun jókòó sínú ẹrẹ̀.

Akínbọ́lá rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, Lọ́yà."

Ẹ̀rù ba Àdíját, ó bà á dọ́kàn. Ó kù díẹ̀ kó ní kí Jàfárù jẹ́ kí wọ́n wà lóròó. Ṣùgbọ́n òfin tí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún, báwo ló ṣe fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ ní kí wọ́n pa á tì? Ó tẹjú mọ́ ògiri.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn Màmá Cecilia, olórí àwọn obìnrin ìjọ, tí orúnkún ti ń dùn ún láti ọdún mélòó kan.

"Ọṣẹ wà nílé jàre. Ẹ dì mí mú kí n jókòó."

"Ení," ni Jàfárù wí.

Lẹ́yìn náà, ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Èjì. Ẹ̀ta. Ogún. Ogójì. Àdíját ń bá a kà sínú. Ọ̀kàndínláàádọ́rin. Àádọ́rin. Jàfárù ò dúró, àfi ìgbà tó dé àádọ́fà.

Bí Àdíját ṣe yíjú padà nìyẹn. Funfun ni aṣọ wọn lókè, pupa ni nísàlẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀ ládùúgbò yẹn kò mọ ìgbà tó ká kóòtù dúdú rẹ̀ sókè, tó lọ jókòó ti Màmá Cecilia nínú ẹrẹ̀.

Jàfárù ní wọn kì í ka olùdíje mọ́ ọn. Àdíját ní òun mọ̀, ṣebí òun lòun kọ òfin ọ̀hún.